Ọmọ tó ń sanra jù: ẹ wo ohun tó ń mu, ẹ wo ọrùn rẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ ní ọmọ yín ọlọ́dún 9 ń sanra jù, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé oúnjẹ kíákíá, irú bọ́gà tí wọ́n ń tà síta, pátápátá, àbí kó máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde nílé. Agolo mílílítà 330 kan lè ní gíráàmù ṣúgà 35. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ì bá dáa kí àgbàlagbà pàápàá má kọjá bíi 25 lóòjọ́. Kì í sì í yóni: ọmọ á mu ún tán, á tún jẹ bọ́gà rẹ̀ láìṣẹ́kù. Tíyẹn bá ti kúrò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò burú. Ní ti sísè nílé, ẹ mọ ìyẹn.

Àwọn dókítà ni kí n kìlọ̀ fún yín nípa wọn. Èyí àkọ́kọ́ tó rí ọmọ mi fi àtẹ BMI (ìwọ̀n ara tí wọ́n fi wé gíga) ti àgbàlagbà wò ó, ó ní kò tíì pé 25, kò séwu. Ta ló ń fi 25 wọn ọmọdé? Ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ni wọ́n fi ń wo tiwọn! Èkejì wò ó lójú, ó ní, “Ọ̀lẹ ni ẹ́, o ti jẹun jù.” Láti ọjọ́ náà lọmọ ti ń jí oúnjẹ jẹ nínú ilé ìwẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ọrùn rẹ̀ tó dúdú, tó nípọn. Tíṣà ní ìdọ̀tí ni; ìyá àgbà fi kànìnkànìn ha á títí ó fi bó. Nọ́ọ̀sì kan ló wá sọ pé ó lè jẹ́ àmì pé ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ò ríṣẹ́ ṣe dáadáa lára rẹ̀, ká lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Tó bá ń han-run, tí èémí ń dá dúró lójú oorun, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn, wọn ò ní bèèrè.

Ọ̀lẹ wo? Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àgbàlagbà 20 sílé ìwòsàn, wọ́n ní kí wọ́n jẹ ìwọ̀n tó bá wù wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ṣe, nǹkan bíi kálórì 500 ni wọ́n fi ń jẹ àjẹlé lójoojúmọ́ ju ìgbà tí wọ́n jẹ èyí tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ lọ, wọ́n sì ń yára jẹun sí i. Ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn?

Ẹ má ra tíì tí wọ́n ní ó ń fọ́ ọ̀rá o. Oògùn ìyàgbẹ́ ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Omi ara ló ń lọ, ọ̀rá ò kúrò níbẹ̀.

Ẹ má sì febi pa á. Ọmọ ṣì ń ga. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ìwọ̀n rẹ̀ má lé sí i ni wọ́n ń wá, kí gíga bá a. Ẹ wá dókítà ọmọdé. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sísanra, ẹ ní kọ́mọ lọ jókòó síta ná.