Bí ètò ìbáramu prósẹ́sọ̀ kò ṣe ní sọnù nígbà tí ẹ bá ń kó VM lọ sórí sáfà mìíràn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Hyper-V la ń lò, sọ́fítíwíà Microsoft tó ń jẹ́ kí sáfà kan gbé ọ̀pọ̀ VM (kọ̀ǹpútà àfarawé). Prósẹ́sọ̀ àwọn sáfà wa kì í ṣe ìran kan náà, nítorí náà a tan ètò ìbáramu prósẹ́sọ̀ (processor compatibility), tó ń jẹ́ kí VM lè rìn láàárín prósẹ́sọ̀ tí ìran wọn yàtọ̀, lára gbogbo VM wa. Nígbà tí a kó wọn lọ sórí sáfà tuntun, mo rí i pé ètò náà ti kú lára àwọn kan, ó sì wà digbí lára àwọn yòókù. Kí ló fà á? Báwo la ṣe lè dènà rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ọ̀nà tí ẹ gbà kó wọn kò dọ́gba. Ètò yìí kò sí nínú dísíìkì VM rárá. Inú fáìlì ìṣètò rẹ̀ ló wà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .vmcx láti Windows Server 2016. Bí ẹ bá fi live migration (gbígbé láìpa á) gbé VM, tàbí tí ẹ fi àṣẹ Export-VM kó o jáde tí ẹ sì fi Import-VM gbà á wọlé, ìṣètò náà yóò bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá da fáìlì VHDX (dísíìkì VM) nìkan kọ, tó dá VM mìíràn sílẹ̀ lórí sáfà kejì, tó wá so dísíìkì náà mọ́ ọn, VM tuntun pátápátá nìyẹn lójú Hyper-V, pípa sì ni ètò ìbáramu máa ń wà lára VM tuntun. Windows inú rẹ̀ á gbéra, iṣẹ́ á máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e padà sórí sáfà àtijọ́ láìpa á ni Hyper-V yóò kọ̀ jálẹ̀.

Ó ní ìdí tó fi ń kọ̀. Bí VM bá ń gbéra, yóò fi àṣẹ CPUID bi prósẹ́sọ̀ léèrè ohun tó lè ṣe, ìdáhùn yẹn ló sì máa gbára lé títí wọn yóò fi pa á. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé AVX (àwọn àṣẹ ìṣirò kíákíá inú prósẹ́sọ̀) wà, tí ẹ wá gbé e láàyè lọ sórí prósẹ́sọ̀ tí kò mọ AVX, sọ́fítíwíà tó bá kọ́kọ́ pe AVX yóò kú lójijì. Ètò ìbáramu ń fi irú agbára bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún VM láti ìgbà tó ti ń gbéra, kó má bàa gbójú lé ohun tí kò ní bá níbi tó ń lọ.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun, ẹ fi PowerShell (ojú ìkọ àṣẹ Windows) kọ bí nǹkan ṣe wà sílẹ̀. Orí sáfà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí àwọn VM tó wà lórí sáfà tí ẹ bá wà nìkan ni Get-VM ń rí:

Get-VM | Get-VMProcessor | Select-Object VMName, CompatibilityForMigrationEnabled | Export-Csv C:\ibaramu.csv

Lẹ́yìn ìkólọ, ẹ tún un ṣe lórí sáfà tuntun, kí ẹ fi fáìlì méjèèjì wéra. Èyí tó bá ti yí padà, ẹ dá a padà:

Stop-VM -Name OrukoVM
Set-VMProcessor -VMName OrukoVM -CompatibilityForMigrationEnabled $true
Start-VM -Name OrukoVM

VM gbọ́dọ̀ kú pátápátá kí Hyper-V tó gba àyípadà yìí. Títún un bẹ̀rẹ̀ láti inú Windows rẹ̀ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ipò Saved (tí wọ́n kàn dá VM dúró, tí wọ́n sì fi ipò rẹ̀ pamọ́) kì í ṣe pípa. Nítorí náà, ẹ ti wá àyè fún un lákòókò tí kò ní dí àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ṣáájú bóyá sáfà kan yóò gba VM kan, Compare-VM pẹ̀lú -DestinationHost yóò sọ ohun tí kò bára mu fún yín láìgbé ohunkóhun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn tan ètò náà lára gbogbo VM torí pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Èyí ló jẹ mí lógún jù nínú ìbéèrè yín. Ohun tí ẹ fi pamọ́ fún VM, kò lè lò ó. Láti ẹ̀yà 5.0 ti MongoDB (sọ́fítíwíà àkójọ dátà), AVX pọn dandan lórí prósẹ́sọ̀ Intel àti AMD. Bí VM kò bá rí i, MongoDB kò ní gbéra. Ẹ tan ètò náà fún VM tó ń rìn láàárín sáfà tí ìran wọn yàtọ̀, kí ẹ fi èyí tó ń jókòó sójú kan sílẹ̀. Windows Server 2025 ti mú èyí sàn nínú kílọ́sítà (àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ọ̀kan): agbára tí gbogbo sáfà inú rẹ̀ jọ ní ni VM máa ń rí, kò tún ń pa á lára tó ti tẹ́lẹ̀. Láàárín Intel àti AMD, ètò yìí kò lè ràn yín lọ́wọ́ rárá. Pípa ni ẹ máa pa VM kí ẹ tó gbé e kọjá.

Ó ku checkpoint, ìyẹn ipò VM tí ẹ yà pamọ́ kí ẹ lè padà sí i. Checkpoint kọ̀ọ̀kan ní ìṣètò ọjọ́ tí wọ́n ya á nínú. Bí ẹ bá padà sí èyí tí ẹ ti yà kí ẹ tó tan ètò ìbáramu, pípa ni ẹ máa tún bá a. Ẹ pa àwọn tí ẹ kò nílò mọ́ rẹ́ kí ẹ tó kó VM, kí ẹ sì tún yẹ ètò náà wò nígbàkigbà tí ẹ bá padà sí checkpoint àtijọ́.