Rọ́bà etí ọkọ̀ ojú omi: ihò abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní rọ́bà tó yí etí ọkọ̀ ojú omi onífáíbà ọdún 1972 yín ká ti sán, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè fọwọ́ ara yín pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lè ṣe é. Rọ́bà kọ́ ni wàhálà, ihò súkúrúù abẹ́ rẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn, ibẹ̀ gan-an ni òkè àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti pàdé. Tí ihò bá ti fẹ̀, omi á máa yọ́ wọlé.

Nígbà tí mo tú tèmi ní Baltimore, ọ̀pọ̀ súkúrúù kàn ń yí lásán ni, wọn ò di nǹkan kan mú. Mo fi epoxy (gọ́ọ̀mù àpòpọ̀ tó máa ń le bí òkúta) dí gbogbo ihò, ó gbẹ mọ́jú, kí n tó lu òmíràn. Súkúrúù irin 316 (irin tí kì í tètè dípẹtà) ni kí ẹ rà, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kómi wọlé sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. (Ẹ fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 3M 5200 sílẹ̀ o, ó máa ń lẹ̀ pinpin, àyàfi tí ẹ ò bá fẹ́ tú u mọ́ láyé!)

Ẹ sá rọ́bà tuntun sóòrùn títí á fi rọ̀. Ẹ má fà á tagbáratagbára: tí òtútù bá dé, á súnkì. Ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ gé e lọ́jọ́ kejì.