Ṣé abẹ́ òkè Ìsánlú ni wọ́n so àwọn áńgẹ́lì mọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, okun o. Ọmọ Ìsánlú ní ilẹ̀ Okun, ìpínlẹ̀ Kogi, ni mí. Calgary ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti ń gbé láti ọdún 9 báyìí. Ọmọkùnrin wa àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 11. Kérésì tó kọjá ni mo mú un lọ sílé, ìgbà àkọ́kọ́ tó lọ láti ìgbà tó ti gbọ́njú nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, oníwàásù ka ìwé Júúdà. Ó ní àwọn áńgẹ́lì tó ṣẹ̀ wà nínú ẹ̀wọ̀n, nínú òkùnkùn, títí di ọjọ́ ìdájọ́ ńlá, ó sì na ìka sí àwa tí a jókòó pé kí olúkúlùkù wo ara rẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ yìí wo òkè àpáta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó bi ìyá mi pé, "Màmá, ṣé abẹ́ òkè yìí ni wọ́n so wọ́n mọ́?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí a ti padà dé, ìbéèrè kò tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ti rí fídíò kan lórí YouTube nípa 200 áńgẹ́lì tó sọ̀ kalẹ̀ sáyé. Ó ní bí Ọlọ́run bá ń dárí jini lóòótọ́, kí ló dé tí kò dárí ji àwọn wọ̀nyẹn? Ó ní bí wọ́n bá wà nínú ẹ̀wọ̀n, ta wá ni Èṣù tí Màmá máa ń bá wí nínú àdúrà? Lálẹ́ ọjọ́ kan ló wá sọ èyí tó gún mi lọ́kàn: "Mọ́mì, bí èmi náà bá ṣẹ̀, ṣé wọ́n á dè mí?" Mo ní kó lọ sùn. Ojú tì mí pé ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ní ká fi í sílẹ̀, pé yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn

Okun o, àbúrò mi. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Leeds ni mo ti ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa áńgẹ́lì, ẹ lọ bá ọmọ yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ sọ fún un pé rárá, kò sẹ́ni tó máa fi ẹ̀wọ̀n dè é nítorí pé ó ṣẹ̀. Ẹ ṣí 1 Jòhánù 1:9 fún un, níbi tó ti sọ pé bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, Ọlọ́run ṣe olóòótọ́ láti dárí rẹ̀ jì wá. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ kà á. Gbogbo ìyókù lè dúró di ọ̀la, ìyẹn nìkan ni kò lè dúró. Mo gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ọmọ kì í gbàgbé ohun tó bà á lẹ́rù. Ńṣe ló máa ń dákẹ́ lórí ẹ̀.

Ohun tó ṣe ọmọ yín ló ṣe ọmọ mi kejì nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 9. Ó gbọ́ irú ìwàásù yẹn níbí, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kò gbà ká pa iná yàrá rẹ̀. Mo pe bàbá mi nílé. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ ECWA. Ẹ mọ̀ pé Bíbélì kì í ṣe àlejò ní Ẹ̀gbẹ̀, láti 1908 tí Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM, ti dé síbẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á sétí wa. Mo rò pé bàbá mi yóò fún mi ní gbólóhùn kan tí n ó kàn gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Wọn ò fún mi. Wọ́n ní, "Ṣí Júúdà, kà á láti òkè wá. Ta ló ń bá wí?"

Ẹsẹ 25 péré ni gbogbo ìwé náà. Mo kà á. Àwọn tí Júúdà ń bá wí ni àwọn tó yọ́ wọ inú ìjọ, tí wọ́n sọ oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run di àyè láti máa hu ìwà tó wù wọ́n. Ó wá fi ẹ̀rí mẹ́ta síwájú wọn: àwọn tó jáde ní Íjíbítì tí wọn kò gbàgbọ́, àwọn áńgẹ́lì, àti Sódómù òun Gòmórà. Àgbàlagbà tí ẹ̀ṣẹ̀ kò bà lẹ́rù mọ́ ni Júúdà ń bá wí. Ọmọ tó jí lóru tó ń béèrè bóyá wọ́n á de òun, kò sí nínú àwọn tí ìwé yẹn ń lé kiri. Ó dùn mí pé wọ́n máa ń wàásù ẹsẹ 6, ti àwọn áńgẹ́lì, láìka ẹsẹ 4, ti àwọn tó yọ́ wọ inú ìjọ, kó wá jẹ́ pé ọmọdé ló máa ń gbé ẹ̀rù náà lọ sílé.

Kí ni àwọn áńgẹ́lì náà wá ṣe? Júúdà ní wọn kò tọ́jú ipò tí a fi wọ́n sí, wọ́n kúrò ní ibùgbé wọn. Ẹ ṣàlàyé fún ọmọ pé oníṣẹ́ ni ìtumọ̀ áńgẹ́lì nínú èdè tí wọ́n fi kọ Bíbélì, ẹni tí a rán. Àwa náà mọ ohun tí iṣẹ́ rírán jẹ́. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn yẹn, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán wọn, wọ́n dà á nù. Ọmọ mi lóye èyí kíá. Ó ní, "Ṣé bí ìgbà tí wọ́n ní kí n mójú tó àbúrò mi tí mo lọ ń gbá bọ́ọ̀lù?" Mo ní ó jọ ọ́, àmọ́ ìwọ padà wá sílé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sọ fún un, nítorí ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù wà. Ẹ̀wọ̀n tí Júúdà sọ kì í ṣe ìdájọ́. Àtìmọ́lé ni. Ẹ rántí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà tí wọ́n ya wọ̀ lóru ní oṣù Kẹsàn-án 2021, tí àwọn tó lé ní 200 sá jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ kò tíì gba ìdájọ́ kankan, wọ́n ń retí ilé ẹjọ́ ni. Mo fi èyí ṣàlàyé fún ọmọ mi pé a lè ti èèyàn mọ́lé kí ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tó pé. Ó wá bi mí pé, ṣé àwọn kan nínú wọn kì í ṣe aláìṣẹ̀? Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kàbà, torí èèyàn ló ń mú èèyàn níbẹ̀. Ní ti àwọn áńgẹ́lì wọ̀nyí, Adájọ́ rí ohun tí wọ́n ṣe. Ọjọ́ nìkan ló kù. Kò sì sẹ́ni tó lè lọ já ìlẹ̀kùn yẹn lóru.

Ìwé Pétérù kejì, orí 2 ẹsẹ 4, sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: a kò dá wọn sí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀, a jù wọ́n sínú òkùnkùn, a pa wọ́n mọ́ de ìdájọ́. Bíbélì wa lo "ọ̀run àpáàdì" níbẹ̀, èyí sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú, torí wọ́n tún lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ibi ìyà ìkẹyìn. Nínú èdè Gíríìkì, Pétérù lo ọ̀rọ̀ kan tó wá láti inú orúkọ Tátárù, ọ̀gbun jíjìn inú ìtàn àwọn Gíríìkì. Ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun. Ibi ìpamọ́ ni. Adágún iná yàtọ̀, òpin ìwé Ìṣípayá, orí 20, ni ìyẹn wà, níbi tí wọ́n ti sọ Èṣù fúnra rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Mátíù 25:41 pẹ̀lú ọmọ náà, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Jésù ní iná náà ni a pèsè sílẹ̀ fún Èṣù àti àwọn áńgẹ́lì rẹ̀. Ẹ wá padà sókè sí ẹsẹ 34, níbi tó ti ní ìjọba ni a pèsè sílẹ̀ fún ẹ̀yin láti ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Ìjọba la pèsè dè wá. Iná yẹn, kì í ṣe orúkọ wa ni wọ́n fi dá a. Èèyàn lè yàn láti bá wọn lọ síbẹ̀, orí náà sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní fi pa mọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ilé àwọn ẹlòmíràn ló yà sí.

Ta wá ló ń dán wa wò bí wọ́n bá wà nínú ẹ̀wọ̀n? Ìwé Mímọ́ kò sọ pé gbogbo wọn ni a ti dè. Pétérù yẹn kan náà, nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ní Èṣù ń rìn káàkiri bíi kìnnìún. Nínú Lúùkù 8, àwọn ẹ̀mí àìmọ́ tó wà lára ọkùnrin kan bẹ Jésù pé kó má ṣe rán àwọn lọ sínú ọ̀gbun, nínú Mátíù 8 wọ́n sì bi í bóyá ó wá dá wọn lóró ṣáájú àkókò ni. Wọ́n mọ̀ pé àkókò kan wà. Ìtàn yìí ló mú kí ọmọ mi gbà ká pa iná yàrá. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn gan-an ló ń bẹ̀rù."

Ní ti fídíò tó wò, ẹ má ṣe sọ fún un pé irọ́ gbáà ni, ẹ má sì sọ pé Bíbélì ni. Ìwé Énọ́kù ni ìtàn 200 áńgẹ́lì ti wá. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Etiópíà ní in nínú Bíbélì tiwọn, kò sí nínú tiwa. Ìwé àtijọ́ ni lóòótọ́, wọ́n rí àwọn àjákù rẹ̀ nínú ihò àpáta Qumran létí Òkun Òkú, Júúdà fúnra rẹ̀ sì fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú rẹ̀ ní ẹsẹ 14 àti 15. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní àwọn áńgẹ́lì náà sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè Hámónì, tí a sì ní kí wọ́n dè wọ́n sábẹ́ àwọn òkè ayé fún ìran 70. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè tó bi ìyá yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré? Ó jọ pé ọmọ yín ti ń so nǹkan pọ̀ ni.

Ìbéèrè ìdáríjì ló le jù. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún ọmọ. Ẹ sọ fún un pé òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹta, Origen ará Alẹkisáńdríà, olùkọ́ ìjọ kan, rò ó títí dé ibi pé ó lè ṣeé ṣe kí gbogbo ẹ̀dá padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run níkẹyìn. Ìjọ kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ní ìpàdé Constantinople ní 553. Lẹ́yìn náà ni John ará Damásíkù, olùkọ́ ìjọ mìíràn, wí pé ohun tí ikú jẹ́ fún èèyàn ni ìṣubú jẹ́ fún áńgẹ́lì: lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àyè ìrònúpìwàdà mọ́. Èèyàn ni wọ́n tàn jẹ nínú ọgbà Édẹ́nì. Àwọn áńgẹ́lì wà nínú ìmọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n yí padà. Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ kò sọ ìdí. Ohun tí Hébérù 2:16 sọ ni pé kì í ṣe àwọn áńgẹ́lì ni Jésù wá ràn lọ́wọ́, irú-ọmọ Ábúráhámù ni. Kò di áńgẹ́lì. Ó di ọmọ tí obìnrin bí, bí ẹ ṣe bí tiyín. Nígbà tí mo ka èyí fún ọmọ mi, èmi ni mo sunkún, òun kò sunkún.

Ọ̀rọ̀ kan kù, torí pé ẹ dárúkọ Èṣù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mú orúkọ Èṣù, wọ́n fi pe Sàtánì. Lọ́jọ́ kan ọmọ yín yóò kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé nínú Ifá, Èṣù ni oníṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ lọ, kò sì sí ìtàn ìbílẹ̀ tó ní wọ́n lé e kúrò lọ́run pé ó bá Ọlọ́run jagun. Òótọ́ ló kà. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọmọ mi rò pé àwọn baba ńlá wa ń sin áńgẹ́lì tó ṣubú. Nínú ilé mi, Sàtánì ni a ń pè é. Ẹ fi Màmá sílẹ̀ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà o. Ọlọ́run mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Òkè yẹn ńkọ́? Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Láyé ogun Tápà, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti Bídà ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú, orí òkè ni àwọn ará Okun ń sá gùn, tọmọtọmọ, nítorí pé ẹṣin kò lè gun àpáta. Bí ẹ bá tún délé, ẹ mú un gun òkè náà ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, kó fi ọwọ́ kan àpáta yẹn, kó sì wo ìlú láti ibẹ̀.