Ìyá Ìbejì, ẹ dárúkọ àìsàn náà fún àwọn ọmọ

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Nínú lẹ́tà tí ẹ kọ láti Ọ̀ffà, ẹ ní wọ́n gé ọyàn yín kan lọ́dún 2020 nítorí jẹjẹrẹ, ara yín sì yá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ ní báyìí, ó ti padà, ó sì ti wọ eegun ẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ ń lọ gba oògùn ní Ìlọrin, tí ẹ sì ń sọ fún àwọn ìbejì ọmọ ọdún 9 àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ọmọ ọdún 14 pé ìpàdé àwọn olùkọ́ ni ẹ ń lọ. Ẹ bi mí bóyá kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, àti bóyá kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ pé bóyá ẹ kò tọ́jú ara yín tó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jẹjẹrẹ ọyàn lè ti rán irúgbìn tín-tìn-tín lọ sínú eegun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, irúgbìn tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò lè rí, tí yóò sì sùn síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó jí. Nígbà tí ó bá ti dé eegun, àwọn dókítà kì í sábà lè lé e lọ tán, ṣùgbọ́n wọ́n lè dè é mọ́lẹ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irọ́ ìpàdé olùkọ́ kò lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kí ẹ bá àìsàn yìí jìjàkadì, nítorí lọ́jọ́ tí ó bá rẹ̀ yín, ẹ óò rò pé ó ti dá yín.

Mo mọ ilé kan ní Òmù-Àrán tí wọ́n ti fi irú àìsàn yìí pamọ́ fún ọmọkùnrin wọn. Ọmọ náà gbọ́ ẹkún ìyá rẹ̀ lóru, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé oríkunkun òun ló fà á. Odindi ọdún kan ló fi ń fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an, tí gbogbo wa sì ń yìn ín. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé ọmọbìnrin yín ti ń jí fọ aṣọ yín láìjẹ́ pé ẹ ní kí ó fọ̀ ọ́. Ó ti mọ̀.

Ní ti iṣẹ́, ẹ má tíì fi í sílẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún ọ̀gá iléèwé yín nìkan, kí wọ́n lè fi ẹlòmíràn sí kíláàsì yín lọ́jọ́ tí oògùn bá mú yín.

Àgbo tí ìyá ọkọ yín ń sè, ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó ń bá oògùn jẹjẹrẹ ṣiṣẹ́ náà ni àgbo yóò tún di ẹrù lé. Kí ọkọ yín fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣàdédé ń rọ, tàbí tí ẹ kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, tàbí tí ara yín bá gbóná dé ìwọ̀n 38, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ẹ má lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì.

Ẹ kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n ìbejì lọ́tọ̀, nítorí òun ló ti dá ẹrù yìí rù jù, kí ẹ tó pe gbogbo wọn jọ pẹ̀lú bàbá wọn. Ẹ sọ pé: “Jẹjẹrẹ ni. Kò lè ràn yín. Kò sí ohun tí ẹ ṣe tó fà á. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ gba oògùn, bàbá yín ni yóò se oúnjẹ alẹ́.” Bí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ óò kú, ẹ má pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn dókítà ń tọ́jú yín, àti pé bí nǹkan bá yí padà, ẹnu yín ni wọn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.