Ta ló san owó ọkọ̀ àwọn fadá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ń jiyàn lórí owó tó gbé àwọn fadá àkọ́kọ́ dé Àjàṣẹ́. Àwọn kan ní ìjọba Faransé ló san án. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àwa náà fẹ́ máa dáwó fún iṣẹ́ ìhìnrere. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe tiwọn?
Òǹkàwé kan, Kétu

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà fún wọn. Ọrẹ àwọn ọmọ ìjọ ni òpó tó gbé iṣẹ́ náà dúró, táṣẹ́rẹ́ táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń dá a. Pauline Jaricot, ọmọ oníṣòwò sẹ́dà ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ sẹ́dà. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1822, ó di ẹgbẹ́ Ìtànkálẹ̀ Ìgbàgbọ́. Lyon yìí náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Brésillac ti dá ẹgbẹ́ àwọn fadá SMA (ẹgbẹ́ ajíhìnrere fún ilẹ̀ Áfíríkà) sílẹ̀ ní 1856. Àwọn ni wọ́n dé Ouidah ní 1861, tí wọ́n sì dé Àjàṣẹ́ ní 1864. Owó Ìtànkálẹ̀ Ìgbàgbọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń ná.

Sou kan lọ́sẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá. Ogún sou ni fáránkì kan, nítorí náà ènìyàn mẹ́wàá ń mú fáránkì 26 wá lọ́dún. Olórí mẹ́wàá ń kó tirẹ̀ fún olórí ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ń kó o fún olórí ẹgbẹ̀rún. Wọ́n tún ń tẹ lẹ́tà àwọn fadá tó wà lókè òkun jáde: ẹ̀dà kan fún mẹ́wàá, tí wọ́n ń gbà kà lọ́wọ́ ara wọn. Lójú tiwa, lẹ́tà yẹn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn rọ.

Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yín bá ń dá 50 sefa, mẹ́wàá á mú 500 wá lọ́sẹ̀, 26,000 lọ́dún. Ẹ má fún olórí kan ní ọgbọ̀n ènìyàn o. Ilé tó jìnnà ni yóò kọ́kọ́ fò. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Kí olórí fi owó jíṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà tó gbà á, torí owó tó bá sun ilé títí oṣù fi parí á wọnú owó ọjà. Ẹ má sì kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ìwé àjọ: owó àjọ ń padà sọ́wọ́ ẹni tó dá a, èyí kì í padà.

Owó àpótí ti ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá yàtọ̀ pátápátá. Láti 1926 ni Póòpù Pius Kọkànlá ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìhìnrere káàkiri ayé. Ẹ má yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀ fi kún ti ẹgbẹ́ yín.