Kí ló dé tí fọ́nrán titanium dioxide mi fi fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ìléru?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni mí. Mo fi electrospinning (fífi iná alágbára fa omi láti ẹnu abẹ́rẹ́ di fọ́nrán tín-ín-rín) ṣe fọ́nrán titanium dioxide, ó sì tẹ́ funfun lórí fóìlì bí òwú. Àmọ́ nígbà tí mo gbé fóìlì náà sínú ìléru oníná ní 500 °C, ṣe ló fọ́ wẹ́wẹ́, ó tún ní àwọ̀ eérú. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dà á nù.

Ohun tó tẹ́ lórí fóìlì yẹn kò tíì di titanium dioxide. PVP, ìyẹn polima tó ń jẹ́ kí omi náà fà bí ọbẹ̀ ilá, ṣì wà nínú rẹ̀. Titanium isopropoxide (kẹ́míkà tó ń di titanium dioxide) gíráàmù 1.5, tí gbogbo rẹ̀ bá yí padà, titanium dioxide gíráàmù 0.42 péré ló máa fún yín. PVP gíráàmù 0.45 tí ẹ pò mọ́ ọn á jó tán pátápátá. Ohun tó ju ìdajì lọ ń bá èéfín lọ, nítorí náà fọ́nrán gbọ́dọ̀ súnkì. Fóìlì kì í bá a súnkì. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn ló ti máa já.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa fọ́nrán tán, ẹ fi sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ fún bíi wákàtí 5 kí ọ̀rinrin lè parí iṣẹ́ rẹ̀ lára titanium náà. Ẹ wá ṣí i kúrò lórí fóìlì, kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú abọ́ alumina tó ń gba ooru. Kí ooru máa gòkè ní 1 sí 2 °C ní ìṣẹ́jú kan títí dé 500 °C, kí ó dúró níbẹ̀ fún wákàtí 3, kí ó sì tutù nínú ìléru láìṣílẹ̀kùn. Àwọ̀ eérú yẹn, kábọ́nù tí kò jó tán ni: bóyá afẹ́fẹ́ kò wọlé tó, tàbí ẹ kó o jọ nípọn jù. Ẹ má ṣe torí ẹ̀ gbé ooru lọ sí 700 °C o. Anatase, ìyẹn irú kírísítálì titanium dioxide tí ẹ fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í di rutile, ìyẹn irú mìíràn, hóró inú rẹ̀ á tóbi, ojú tó fi ń ṣiṣẹ́ á sì dínkù.

Ní ti omi tí ẹ ń fà, PVP tí ìwọ̀n molikula rẹ̀ jẹ́ 1,300,000 ni kí ẹ lò. Ti 40,000 kì í so kọ́ra tó, ìlẹ̀kẹ̀ ló máa ń so sára fọ́nrán. Ẹ po isopropoxide pẹ̀lú acetic acid mL 3 àti ethanol mL 3, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 kí ẹ dà á sínú PVP tí ẹ ti yọ́ sínú ethanol mL 7.5, kí ẹ rò ó fún wákàtí kan. Acetic acid ló ń dá ọ̀rinrin dúró. Lásìkò òjò, abẹ́rẹ́ lè dí síbẹ̀síbẹ̀; ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì máa nu ẹnu abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná kV 15, àlàfo cm 15 láàárín abẹ́rẹ́ àti fóìlì, àti omi mL 0.5 ní wákàtí kan.

Kódà èyí tó bá dára jù máa ń ṣẹ́ bíi dígí. Tó bá jẹ́ asẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe, èyí tó fọ́ yẹn kò wúlò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láti fi ìmọ́lẹ̀ ba aró inú omi jẹ́ ni, kò sí wàhálà: ẹ tún un sun nínú afẹ́fẹ́ títí á fi funfun. Ìmọ́lẹ̀ UV tí ìgbì rẹ̀ kò tó nm 388 nìkan ni anatase ń gbà, nítorí náà iná yàrá lásán kò lè ṣe é. Tí ẹ bá fi methylene blue, ìyẹn aró búlúù kan, dán an wò, ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó tan iná UV, kí ẹ má baà ka aró tó kàn lẹ̀ mọ́ fọ́nrán sí èyí tó ti bàjẹ́.