Ìlà tó yọ lójú báàjì Jámánì: ẹ má tíì pè é ní ayédèrú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìwádìí. Ẹ ní Infanterie-Sturmabzeichen, báàjì tí Jámánì fi ń dá àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ tó kópa nínú ìkọlù lọ́lá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó ní àwòrán ìbọn, idì àti ewé óákù lójú, èyí tí ẹ rà lọ́jà àlòkù, ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ láti ibi okùn ìbọn dé ara ewé, pé lẹ́tà ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò hàn dáadáa, oníṣòwò kan sì ní ayédèrú ni. Ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Irú ìlà yẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Bàbá kan ládùúgbò wa ní Leeds ló mú tèmi bọ̀ láti Normandy nígbà tó ń ṣe sójà. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi, torí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìtàn ogun. Mo gbé e lọ sí ilé gbàǹjo kan kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ náà jù kò tilẹ̀ jókòó. Ó gbé e síwájú iná, ó rí ìlà yẹn, ó ní ṣe ni wọ́n yọ́ irin dà á. Kí n tó lanu, ó ti mú fáìlì, ó fi ha etí báàjì náà kó lè rí àwọ̀ irin inú rẹ̀. Ohun tó la ogun já, tí bàbá olóògbé fi aṣọ wé títí ọjọ́ ikú rẹ̀, òun ló ha á lójú mi! Ó rí i pé síǹkì ni, ó ní ẹ̀rí ti dé. Ẹ̀rí kí ni? Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1939 ni wọ́n dá báàjì yìí sílẹ̀. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ Tombak, ìyẹn bàbà tí wọ́n pò mọ́ síǹkì. Nígbà tí ogun le, tí ìjọba ń wá bàbà fún ohun ìjà, síǹkì lásán ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe é. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó báàjì jọ mọ èyí. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìlà yẹn jẹ́. Òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fi ń tẹ báàjì ló sán. Bó ti wù kó le tó, ẹ̀rọ ń já lù ú láàárọ̀ lálẹ́, yóò rẹ̀ ẹ́. Tó bá ti sán, irin báàjì á wọ inú ibi tó sán, á sì yọ sókè bí ìlà. Gbogbo èyí tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ní in lójú kan náà, ìlà á sì máa gùn sí i títí wọ́n á fi pa òǹtẹ̀ náà tì. Mo wá tọrọ fọ́tò lọ́wọ́ àwọn tó ní irú tèmi. Lára ọ̀kan, ìlà náà kò tíì kúrò létí okùn ìbọn. Lára òmíràn, ó ti ré okùn náà kọjá. Tèmi ti wọ ewé óákù. Nígbà tí mo tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ọjọ́ orí òǹtẹ̀ hàn kedere. Mo fi ránṣẹ́ sí ilé gbàǹjo. Wọ́n ní mo lè gbé báàjì náà padà wá tó bá wù mí. Kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ má bínú, wọn ò sì mẹ́nu ba etí tí wọ́n ha.

Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ fi iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra o: ìlà nìkan kò tó. Ẹni tó bá fi ojúlówó ṣe mọ́ọ̀dù, ìlà náà á bá a wọ ayédèrú rẹ̀. Àmọ́ irin tí wọ́n yọ́ máa ń sún kì tó bá tutù, nítorí náà ayédèrú bẹ́ẹ̀ á kéré díẹ̀ ju ojúlówó lọ, etí ìlà rẹ̀ á kú, ihò kéékèèké á sì wà láàárín iṣan ewé. Ẹ tún wo ìyẹ́ idì. Tí àwọ̀ fàdákà bá ṣì wà lórí ìyẹ́ tí ìyẹ́ náà kò sì mú, òǹtẹ̀ ló ti jẹ. Tó bá jẹ́ orí ìyẹ́ nìkan ló dán tí fàdákà sì ti ṣí níbẹ̀, aṣọ àti ọwọ́ ló họ ọ́.

Ẹ má sì fi nǹkan kan fọ̀ ọ́! Ẹ ò ní rí fàdákà yẹn mọ́ láé. Tí ẹ bá ń gbé e lọ sí Jámánì, ẹ bo swastika rẹ̀, ìyẹn àmì ìjọba Hitler; òfin ibẹ̀ kò gba kí ẹ gbé e hàn bó ṣe wù yín.

Ní ti lẹ́tà ẹ̀yìn: èyí tó yọ sókè, inú òǹtẹ̀ ló ti wá, ojú kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo wọn. Èyí tó wọ inú, wọ́n sábà máa ń lù ú lẹ́yìn tí báàjì ti jáde, nítorí náà ó lè wọ́ tàbí kó má jinlẹ̀. FZS ni ti ilé iṣẹ́ Fritz Zimmermann ní Stuttgart. Ọ̀pọ̀ ojúlówó kò tilẹ̀ ní lẹ́tà kankan. Lẹ́tà tó mọ́lẹ̀ kedere lórí báàjì tí ara rẹ̀ ti họ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ó ku àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ogun. Steinhauer & Lück, ilé iṣẹ́ kan ní Lüdenscheid, ṣe Ritterkreuz, àmì ẹ̀yẹ ogun tó rí bí àgbélébùú, nígbà ogun, wọ́n sì tún ṣe é lẹ́yìn òfin Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì ti ọdún 1957 tó gba àwọn sójà àtijọ́ láyè láti lo àmì ẹ̀yẹ wọn láìsí swastika. Ibi tí òǹtẹ̀ ti bàjẹ́ létí àgbélébùú yẹn ni wọ́n fi ń jiyàn èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e.

Ẹ fi fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí sí ibí, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi fáìlì kàn án.